Láti Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Aláìsàn Dé Oyè Ọ̀mọ̀wé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Nọ́ọ̀sì ní Iléṣà

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ wa, ẹ̀yin olórí nọ́ọ̀sì tí ẹ fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ wá jókòó síbí, ẹ̀yin olùkọ́ nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Mo rí àwọn kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tààrà láìtíì dé ilé. Bí oorun bá gbé irú wọn lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí wọn.

Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí nọ́ọ̀sì ṣe lè lépa oyè ọ̀mọ̀wé, ìyẹn PhD, nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìwádìí ìlera. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi ṣáájú òní ló dá lórí fọ́ọ̀mù: iye tí wọ́n ń tà á, ìgbà tí títà rẹ̀ yóò parí, máàkì tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní nínú ìwé ẹ̀rí másítà. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìkéde yunifásítì kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń yí padà, nítorí náà n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lé e lórí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ni pé kí nọ́ọ̀sì tó máa wá fọ́ọ̀mù kiri, ó yẹ kí ó ti ní ìbéèrè kan lọ́wọ́ tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an, ìbéèrè tí ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, tí ìwé kò tíì dáhùn tán, tí dókítà kò sì ní bá a dáhùn nítorí pé kì í ṣe ojú dókítà ni ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹni tí kò bá tíì ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, èmi kì í gbà á nímọ̀ràn pé kí ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya oyè yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ohun tí a máa ń kó pọ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìwòsàn, kì í sì í ṣe pé kí wọ́n lè máa pe nọ́ọ̀sì ní dókítà ní wọ́ọ̀dù, níbi tí orúkọ yẹn ti lè da ojú ọ̀rọ̀ rú fún aláìsàn tí ó ń wá ẹni tí yóò kọ oògùn fún un. Ẹ̀kọ́ másítà ń kọ́ni láti mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti wádìí, kí a sì lè lò ó dáadáa. Oyè ọ̀mọ̀wé ń béèrè pé kí ènìyàn fi ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ kún ìmọ̀, bí ó ti wù kí ohun náà kéré tó, kí ó sì lè dúró ti ẹ̀rí rẹ̀ níwájú àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti já a ní koro. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní oyè mìíràn tí wọ́n ń pè ní DNP, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tì lẹ́yìn gidigidi láti ọdún 2004, tí ó wà fún àwọn tí wọ́n fẹ́ dé òkè pátápátá nínú ìtọ́jú aláìsàn fúnra rẹ̀, nígbà tí PhD wà fún àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ìwádìí ṣiṣẹ́ ṣe. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, PhD ni ilẹ̀kùn iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, òun náà sì ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀kọ́ yunifásítì fún nọ́ọ̀sì kò tíì pẹ́ púpọ̀ láàárín wa. Inú ilé ìwòsàn ni gbogbo nọ́ọ̀sì Nàìjíríà ti ń kọ́ṣẹ́ títí di ọdún 1965, nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Olóògbé Kofoworọla Abẹ́ní Pratt, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí wọ́n jà fún un. Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀ lé e láàárín ọdún 1970 sí 1979. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn kan wà láàyè síbẹ̀ lónìí tí wọ́n mọ ìgbà tí kò sí yunifásítì kankan nílẹ̀ wa tí nọ́ọ̀sì lè wọ̀ láti kọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀, débi tí yóò fi sọ pé òun fẹ́ ṣe ìwádìí lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, ìwádìí tí nọ́ọ̀sì ṣe ti wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣáájú gbogbo ìyẹn, èyí sì ni ìdí tí inú mi fi dùn pé Iléṣà ni wọ́n pè mí sí. Ẹ mọ̀ pé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀, kí ó tó di apá kan ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1975. Láti nǹkan bí ọdún 1956 títí di ọdún 1961, dókítà àwọn ọmọdé kan tí ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì mú ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé gẹ́gẹ́ bí ibi tí yóò ti wo àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti dáhùn: kí ló dé tí àìsàn bíi measles, tí àwọn ọmọ òyìnbó ń ní tí wọ́n sì ń bọ́ nínú rẹ̀, fi ń pa tiwa tó bẹ́ẹ̀? Ilé ìwòsàn kò lè dáhùn rẹ̀, nítorí pé kìkì ọmọ tí àìsàn rẹ̀ ti wọra ni wọ́n ń gbé wá síbẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n lọ bá àwọn ọmọ tí ara wọn le ní ilé wọn, kí wọ́n wọ̀n wọ́n léraléra, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ ní ọdún dé ọdún. Ta ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn? Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń yẹ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 wò, tí wọ́n ń tọ́jú wọn, tí wọ́n ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀, èyí tí ó jẹ́ pé dókítà nìkan ni a gbà pé ó lè ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà náà.

Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ tí oúnjẹ kò dára lára rẹ̀ ni measles ń dá wó jù lọ, àti pé ìwọ̀n ara ọmọ máa ń dúró sójú kan tàbí kí ó máa lọ sílẹ̀ kí ìyá tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Láti inú èyí ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti jáde, èyí tí ó ní ìlà méjì tí a retí kí ìwọ̀n ọmọ máa rìn láàárín wọn, tí wọ́n sì fi sọ́wọ́ ìyá dípò kí wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gba irú káàdì yẹn, ó sì tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nọ́ọ̀sì kan, Margaret Woodland, wà nínú iṣẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ sì wà pẹ̀lú ti Morley lórí ìwádìí measles tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1963, àti lórí èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1964 lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára measles ní ìlú yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka orúkọ àwọn òǹkọ̀wé ìwádìí méjèèjì, ẹ kò ní rí orúkọ nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà kankan níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, tí wọ́n gbọ́ èdè àwọn ìyá, tí wọ́n mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá tí a kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí, a kò mọ̀ wọ́n. N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ohun tí ó ti lé ní 60 ọdún. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó fi ohun tí oyè ọ̀mọ̀wé wà fún hàn ju ìtumọ̀ èyíkéyìí lọ: kí ẹni tí ó rí nǹkan lè jẹ́ ẹni tí yóò béèrè ìbéèrè rẹ̀, tí yóò wá ìdáhùn rẹ̀, tí yóò sì fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ìbéèrè kan kí a tẹ̀ lé e láti wọ́ọ̀dù dé yunifásítì. Aláìsàn kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wà lórí ibùsùn, kò lè dá ara rẹ̀ yí. Nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ kò tó nǹkan, aláìsàn sì pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ wọn ká lọ. Ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ tí ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń yí i, òun ni ó ń nu ara rẹ̀, òun ni ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, egbò ti yọ ní ìdí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀sì kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò mọ ìtàn yẹn.

Ohun tí wọ́n kọ́ àwa tí a ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ ni pé kí a fi ọṣẹ àti omi fọ gbogbo ibi tí egungun ti ń tẹ̀ mọ́ ibùsùn, kí a fi spírítì ra á, kí a sì bu páúdà lé e. A ṣe é tọkàntọkàn. Doreen Norton, nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé irú àṣà bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò láàárín àwọn arúgbó ní ilé ìwòsàn, nínú ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1962, ó sì fi hàn pé kì í ṣe ohun tí a fi ń ra ara ni ó ń dènà egbò bí kò ṣe pé kí a mú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kúrò, kí a máa yí aláìsàn ní àsìkò. Ó tún ṣe ìwọ̀n kan tí ó ní ohun 5 tí nọ́ọ̀sì lè fi mọ ẹni tí egbò lè yọ sí lára kí ó tó yọ. Nígbà tí ó di ọdún 1987, nọ́ọ̀sì méjì ní Amẹ́ríkà, Barbara Braden àti Nancy Bergstrom, gbé tiwọn jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, èyí tí ó ní ohun 6, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní àgbáyé sì ń lò lónìí. Ẹ kíyè sí i pé nọ́ọ̀sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ yìí. Kò sí oníṣẹ́ abẹ kan tí yóò jókòó ro ọ̀rọ̀ yíyí aláìsàn ní aago mẹ́ta òru.

Wàyí o, ṣé a ti dáhùn ìbéèrè náà tán? Fún ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, a lè sọ pé ó kù díẹ̀. Fún tiwa, a kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ìwé kọ́ wa pé àmì àkọ́kọ́ ni kí ojú ara pọ́n, kí pípọ́n náà má sì lọ nígbà tí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ara ta ni ó ń pọ́n bẹ́ẹ̀? Lára aláwọ̀ dúdú, ibẹ̀ lè dúdú sí i, ó lè gbóná tàbí kí ó tutù ju àyíká rẹ̀ lọ, ó lè le tàbí kí ó rọ̀, ó sì lè máa dun aláìsàn kí ojú tó rí ohunkóhun; bí aláìsàn náà kò bá sì lè sọ̀rọ̀, ta ni yóò sọ fún nọ́ọ̀sì? Ìdí nìyí tí ó fi ṣeé ṣe kí a máa kọ ọ́ sínú ìwé pé ara aláìsàn dára ní ọjọ́ Ẹtì, kí egbò tí ó ti jinlẹ̀ sì fojú hàn ní ọjọ́ Ajé. Ìkejì ni pé àwọn tí wọ́n ṣe ìwọ̀n wọ̀nyẹn gbà pé nọ́ọ̀sì ni ó ń yí aláìsàn. Níbí, ará ilé rẹ̀ ni, a kò sì kọ́ ará ilé náà ní nǹkan kan ju ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un bí a ti ń kọjá lọ.

Láti inú ọ̀rọ̀ kan yìí, ìwádìí ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ó kéré tán lè jáde, ọ̀nà tí a óò gbà ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì jọra. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ mọ ohun tí ará ilé ń ṣe lóru àti ìdí tí ó fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìwé ìbéèrè tí a ń fi àmì sí kò ní sọ ọ́ fún wa. A ní láti jókòó tì wọ́n, kí a fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, kí a sì kà á títí tí àwọn ohun tí wọ́n ń tún sọ yóò fi hàn. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ọ̀sì lè fi ọwọ́ mọ ohun tí ojú kò rí, a ní láti jẹ́ kí nọ́ọ̀sì méjì yẹ aláìsàn kan náà wò láìjẹ́ pé ọ̀kan mọ ohun tí èkejì kọ, kí a wá fi ìṣirò wo bí wọ́n ṣe fohùn ṣọ̀kan tó ju ohun tí èèṣì lásán lè mú wá lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé a fẹ́ mọ̀ bóyá kíkọ́ ará ilé yóò dín egbò kù, ìyẹn ń fẹ́ kí a fi ìbò yan àwọn wọ́ọ̀dù tí yóò gba ẹ̀kọ́ àti àwọn tí yóò máa bá ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ, kí a sì ti ṣírò iye aláìsàn tí a nílò ṣáájú, nítorí pé bí wọn kò bá tó, a lè pàdánù ohun tí ó jẹ́ òtítọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà ìwádìí kí wọ́n tó sọ ìbéèrè wọn. Ìbéèrè ni ó ń yan ọ̀nà.

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun kan tí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Nínú àwọn ìwé àpilẹ̀kọ nọ́ọ̀sì tí mo ti kà, èyí tí ó pọ̀ jù lọ ló dá lórí ìmọ̀, èrò àti ìṣe nọ́ọ̀sì nípa nǹkan báyìí ní ilé ìwòsàn báyìí. Wọ́n á pín ìwé ìbéèrè, àwọn nọ́ọ̀sì á fi àmì sí ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣe, olùwádìí á sì kọ ọ́ pé ìmọ̀ wọn dára ṣùgbọ́n ìṣe wọn kù díẹ̀ káàtó, pé kí ìjọba ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn. A ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ másítà bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, kò sì burú fún un. Fún ọ̀mọ̀wé, mo rò pé ó yẹ kí a ti kọjá rẹ̀.

Ní ti alábòójútó, ẹni tí yóò darí iṣẹ́ náà, àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òtítọ́ ni. Alábòójútó ti rí ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà bàjẹ́, ó mọ ohun tí ìgbìmọ̀ yóò béèrè, ó mọ ẹni tí ó yẹ kí a kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n ìwà ọ̀wọ̀ wa lè di ìdènà níbi yìí bí a kò bá ṣọ́ra. Kí ọdún kẹta tó pé, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó yẹ kí ó mọ̀ nípa ìbéèrè kan yẹn ju gbogbo ènìyàn lọ, títí kan alábòójútó pàápàá, bí ó bá sì rí i pé ohun tí àgbà ní kí òun ṣe kò bá ẹ̀rí mu, kò gbọdọ̀ dákẹ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe ohun tí ó mọ̀ pé kò tọ̀nà nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń já àgbà níyàn. Ọ̀nà wà tí a lè gbà sọ ọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rí ìwádìí kan tí ó sọ ohun mìíràn, mo mú un wá kí ẹ bá mi wò ó.” Alábòójútó gidi yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá gbà á, ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè mọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó mú alábòójútó, ẹ lọ bá àwọn tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀, ẹ béèrè bí ó ti máa ń pẹ́ tó kí ó tó dá iṣẹ́ padà. Ìyẹn wúlò ju gbajúmọ̀ orúkọ rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ yòókù kò le láti mọ̀: àbá ìwádìí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níwájú ẹ̀ka, ìwé àṣẹ, kíkó ẹ̀rí jọ, kíkọ ìwé, àti ọjọ́ tí olùdánwò láti yunifásítì mìíràn yóò wá bi yín léèrè. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ dúró lé lórí, ìyẹn ni ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣe ìwádìí lára wọn. Ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn wa, ó wà ní ẹ̀ka ìlera àwùjọ ní yunifásítì Ifẹ̀, gbogbo wọn sì wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ àpapọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 2007, tí Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kùn pé ìgbìmọ̀ ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Kí wọ́n rántí Kánò ní ọdún 1996, nígbà tí ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé ní àsìkò àrùn yírùnyírùn. Ọmọ 200 ni ó wà nínú rẹ̀, 11 sì kú, àwọn òbí kan sì sọ lẹ́yìn náà pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní òun kò ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là ní ọdún 2009. Lẹ́yìn èyí, àwọn òbí ní apá òkè ọya ń fura sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ìgbà pípẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé ni wọ́n sì fojú winá rẹ̀.

Ewu tí ó kan nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ tún yàtọ̀, n kò sì rò pé àwọn ìgbìmọ̀ máa ń kíyè sí i tó. Bí nọ́ọ̀sì bá wọ aṣọ iṣẹ́, tí ó dúró ti aláìsàn tí ó ń dúró dè é fún abẹ́rẹ́, tí ó sì ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìwádìí kan tí mo ń ṣe,” ṣé màmá yẹn lè kọ̀? Yóò ní kò burú, ọmọ mi, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá kọ̀, ojú tí wọn yóò fi máa wo òun yóò yí padà. Ìyọ̀ǹda yẹn kò pé. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́, ẹ má ṣe é ní wọ́ọ̀dù tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ bí ó bá ṣeé ṣe, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gba ìyọ̀ǹda náà. Ti ẹbí sì ń bẹ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ọkọ tàbí àgbà ilé yóò fẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ fún òun, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ wọn ń ṣí ilẹ̀kùn ni, aláìsàn tí ó lè sọ̀rọ̀ ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lẹ́yìn ìwé àṣẹ ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ti yẹ kí ẹ borí gbogbo wa. Àwọn bàbá yín tí wọ́n ń ta aṣọ àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn, Òṣómàáló ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tí ó ń tẹ̀ lé aláìsàn lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ sílé nílò irú sùúrù bẹ́ẹ̀, nítorí pé fóònù rẹ̀ lè kú, ó lè ti kó lọ sí abúlé, ẹni tí a kò bá sì rí mọ́ kì í dà bí ẹni tí a rí. Bóyá òun gan-an ni egbò rẹ̀ ti burú jù. Olùwádìí tí ó bá kàn yọ irú wọn kúrò nínú ìṣirò rẹ̀ ti pa òtítọ́ kan mọ́lẹ̀.

Ní ti owó àti àkókò, n kò ní tàn yín. Ó kéré tán, ọdún 3 ni fún ẹni tí ó bá gbájú mọ́ ọn, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì dá ẹ̀kọ́ dúró láti oṣù kẹta títí di ìparí ọdún 2020, ó sì tún dá a dúró fún oṣù 8 ní ọdún 2022. Ẹ fi irú rẹ̀ sínú ètò yín, nítorí ìwé àṣẹ ìwádìí ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń parí. Owó TETFund, àjọ ìjọba tí ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, wà ní pàtàkì fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, kò fi bẹ́ẹ̀ kan nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, mo sì rò pé àbùkù ńlá ni èyí jẹ́ nínú ètò náà. Fún ẹni tí ó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, àjọ CARTA wà, èyí tí ń ran àwọn tí ń ṣe PhD lọ́wọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2008 láàárín àwọn yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Nairobi àti Yunifásítì Witwatersrand ní Gúúsù Áfíríkà jọ ń darí. Ìpàdé ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí ó ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni mo kà sí ju owó rẹ̀ lọ, torí níbẹ̀ ni ènìyàn ti ń gbọ́ àtakò láti ẹnu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Fún ìwé kíkà, ẹ wá ètò HINARI ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó ti wà láti ọdún 2002, ní ibi ìkàwé yunifásítì yín. Ọ̀pọ̀ jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí a ń tẹ ìwádìí sí, tí wọ́n ń tà lówó gọbọi ni ó ń jẹ́ kí a kà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ sì ṣọ́ra fún jọ́nà tí yóò kọ̀wé sí yín pé òun fẹ́ràn iṣẹ́ yín púpọ̀, pé ẹ san owó, òun yóò tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó ka iṣẹ́ náà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń ro ìrìn àjò. Láti oṣù kejì ọdún 2024 tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ wa ti sọ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún 2 lẹ́yìn tí ó bá gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bá a fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí òkè òkun, ọ̀rọ̀ náà ti ń gbóná ní gbogbo ilé ìwòsàn. N kò ní wàásù fún ẹnikẹ́ni. Àwọn yunifásítì kan lókè òkun ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì ń fún un ní owó ìgbọ́bùkátà. Ẹni tí ó bá rí irú rẹ̀ kí ó gbà á. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó má fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Alábòójútó ibẹ̀ lè fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lórí ohun tí ó kan àwọn aláìsàn tiwọn, èyí kò sì yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ egbò lára aláwọ̀ dúdú kan àwọn náà lónìí, nítorí àwọn ènìyàn wa wà lórí ibùsùn wọn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí oṣù yìí tó parí kò ní ná yín ní owó. Ẹ ra ìwé kékeré kan tí yóò wọ àpò aṣọ iṣẹ́. Ohun tí ó bá yà yín lẹ́nu, tàbí tí ẹ ṣe nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, láìkọ orúkọ aláìsàn tàbí nọ́ńbà fáìlì rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan bá ń padà wá léraléra, ẹ lọ wá ohun tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kọ̀wé sí ẹni tí ẹ fẹ́ kí ó jẹ́ alábòójútó yín, ojú ìwé kan péré: ohun tí ẹ rí, ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti sọ lórí rẹ̀, àti ibi tí ọ̀rọ̀ wọn kò dé. Lẹ́tà tí mo ń gbà jù ni èyí tí ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fẹ́ ṣe PhD lábẹ́ yín, orí ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí ẹ bá fún mi ni n óò ṣe.” Irú rẹ̀ ṣòro láti dáhùn, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Bí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí bá ti ní ohun tí yóò kọ sí ojú ìwé kan yẹn, kí ó dìde, òun ni kí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀.